Ìyá Akùnlé àti Ògiri Oríta Ọ̀gọ̀dọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó tẹ́ ẹní. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún èkejì lẹ́yìn yàrá mi pé kí òyìnbó tó dé, àwa ará oko kò ní ohun tí a fi ń bá ẹni tí kò sí nítòsí sọ̀rọ̀, pé ìgbà tí ìwé dé ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là. N kò ní dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ gba àróbá tiyín.

Ilé tí wọ́n fi mí fún ní ìyàwó, Ilé Akùnlé ni wọ́n ń pè é, ní abúlé Ìdí-Ìyeyè, lọ́nà Akanran. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, kòkó lẹ ó bá. Àwọn ọkùnrin ilé náà ń ro oko bí gbogbo ayé, àwa obìnrin ni iṣẹ́ tiwa yàtọ̀. Ògiri ni à ń kùn. Ẹ má rò pé kí a kàn fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ara ilé kó lè dán ni mo ń wí. Kò sí obìnrin tí kì í ṣe ìyẹn. Bí ìlú bá ní ohun kan tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀, àwa là ń wá àmì tí yóò sọ ọ́, àwa náà là ń kùn ún síbi tí ojú yóò ti rí i. Ilé òrìṣà, ilé ìpàdé, ìsọ̀ ọjà, ilé tí èrò ti ń sinmi lójú ọ̀nà, ọwọ́ wa kan gbogbo wọn. Bí olówó kan bá wá pé kí a kun ilé òun kí àwọn aládùúgbò lè máa wo òun, ìyá ọkọ mi yóò bu omi tútù fún un, yóò ní kó mu ún, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. Iṣẹ́ ìlú ni tiwa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ó ti máa gbọ́ wa. Osùn ń ké lórí ọlọ, èèpo èso igi irúgbá ń hó nínú ìkòkò, omi rẹ̀ la fi ń lu ògiri kí òjò má baà fọ àwọ̀ lọ. Ẹfun ni funfun wa, osùn ni pupa, èédú ni dúdú, aró sì wà nínú ìkòkò tirẹ̀ níbi tí kò sí ọmọdé tó gbọ́dọ̀ dé. Pákò la fi ń kùn. A ó jẹ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rí bí irun, a ó jókòó lẹ́sẹẹsẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ń rún igi bí ewúrẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa dùn wá, ọ̀rọ̀ kò sì ní tán lẹ́nu wa síbẹ̀. Ní ọdún kan, nígbà tí ọdún Òrìṣà Oko ku ọ̀la, mo sáré lé adìẹ kan, mo sì ki ẹsẹ̀ bọ ìkòkò aró títí dé orúnkún. Kò sí ọṣẹ tí a kò lò. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ẹsẹ̀ dúdú kan àti ẹsẹ̀ pupa kan jó níwájú gbogbo ìlú. Títí àwọn àgbà ilé yẹn fi kú, Ẹlẹ́sẹ̀ Aró ni wọ́n ń pè mí.

Ìyá ọkọ mi ni olórí iṣẹ́ náà. Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Akùnlé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin kúkúrú, adúmáadán, tí osùn kò kúrò ní èékánná rẹ̀ títí ó fi wọ ilẹ̀. Kì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, yóò wo ògiri, yóò wo ojú rẹ, yóò tún wo ògiri. Ìwọ fúnra rẹ ni o ó lọ bu omi tí o ó fi fọ̀ ọ́ dànù.

Bí àwọn àgbà bá gbé iṣẹ́ wá, kì í sáré mú pákò. Yóò kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ta ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá? Kí lẹ fẹ́ kó ṣe bó bá rí i?" Bí wọn kò bá mọ ohun tí wọn yóò sọ, yóò ní kí wọ́n padà sílé lọ rò ó. Mo rántí Lèmọ́mù Abà Alfa, abúlé àwọn ìmàle tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ojú ń tì í díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ilé òrìṣà la máa ń kùn jù.

Ó ní, "Ìyá, mọ́sálásí wa ti parí. Àwọn àlejò kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀yìnkùlé àwọn obìnrin ni wọ́n ń já sí. Ẹ bá wa fi àmì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ohun tó ní ẹ̀mí fún wa."

Ìyá ní, "Mo ti gbọ́. Ṣé búta ní ẹ̀mí?"

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Búta aláwọ̀ aró la yà síbẹ̀, omi funfun ń dà ní ẹnu rẹ̀, ẹnu náà sì kọjú sí ọ̀nà tó tọ́. Láti ọjọ́ náà, àlejò kankan kò já sí ẹ̀yìnkùlé obìnrin mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe sààrà, àwo tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ bù. Olórìṣà kun mọ́sálásí, ìmàle gbé oúnjẹ fún olórìṣà, ayé kò sì bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ojú yín là, ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe sí ara yín lónìí.

Ṣùgbọ́n ti oríta ni mo fẹ́ sọ, òun ló ń dùn mí.

Níbi tí ọ̀nà abúlé wa ti pàdé ọ̀nà Akanran, omi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gan-an, tó mọ́ bí omi òjò. Èkejì jẹ́ ìsun kékeré lábẹ́ àpáta lókè lọ́hùn-ún, èèyàn yóò gun òkè díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn kò ṣe é mu. Bí o bá mu ún ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni sòbìà yóò yọ lára rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi ẹ̀rọ, ẹ kò mọ sòbìà. Aràn funfun ni, gígùn bí òwú, tí í lu ẹsẹ̀ jáde. A ó máa fi igi wẹ́wẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ yóò wú, yóò sì máa rà. Ìgbà tó yẹ kí èèyàn wà lóko, kó máa kọ ebè, ìgbà náà gan-an ló ń gbé èèyàn sùn.

Ará ilé mọ̀, àlejò kò mọ̀. Abúlé mẹ́ta ló para pọ̀ wá bá Ìyá pé kó sọ fún èrò. Ilé ìsinmi kan wà ní oríta náà, alámọ̀, ògiri rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ìyá ní kí a ya ẹsẹ̀ pupa ńlá kan síbẹ̀, kí aràn funfun yọ lára rẹ̀, kó ká mọ́ igi. A yà á, ó dára, a gbé ìkòkò wa, a lọ sílé. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin kan tó ń tiro dé ojúlé wa láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní, "Ẹ nílé o. Mo rí ẹsẹ̀ lára ògiri ní oríta. Mo ti fi omi ibẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ mi, ara kò tíì tù mí. Níbo ni oníṣègùn náà wà?"

Àwa ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ohun tí mo yà ló kà." Ó gbàlejò ọkùnrin náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi san, ó sì fọ ògiri náà dànù pátápátá.

Ó tó oṣù kan tí kò fọwọ́ kan pákò. Nígbà tó padà síbẹ̀, ó tún ẹsẹ̀ yẹn yà, ó wá ya igbá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, a kì í bu nǹkan sí i. Ní apá kejì ògiri, ó ya igbá tó ṣí, tó kún fún omi funfun, ó sì fi ẹfun tẹ ipasẹ̀ láti ìdí rẹ̀ lọ sórí àwọn òkúta, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé ìdí ìsun. Lẹ́yìn náà ló fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn igi, èmi àti Àṣàbí jókòó tì í. Àṣàbí ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Obìnrin oníyọ̀ kan dé tòun ti ẹrù lórí, òùngbẹ ti gbẹ ẹ́. Ó lọ tààrà sí ọ̀gọ̀dọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ògiri. Ó dúró. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ẹsẹ̀, ó wo igbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ipasẹ̀ funfun náà gun òkè. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá ti tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú.

Ọdún púpọ̀ ni ògiri yẹn fi sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, kí ọdún Òrìṣà Oko tó dé, a ó lọ tún un kùn. Ìjẹ̀bú kà á, Hausa tó ń ra obì kà á, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa rárá kà á. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú ìwé yín ni Ìjẹ̀bú àti Hausa ń kà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ sílé ìwé?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, nígbà tí òyìnbó ti ń jókòó dáadáa sí Ìbàdàn, wọ́n ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ wa pé ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ń bọ̀ wá wo ọ̀nà. Akọ̀wé kóòtù ló ṣáájú rẹ̀ dé lórí kẹ̀kẹ́, akódà méjì, àwọn ìránṣẹ́ kóòtù, ń sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ Yorùbá bí tiwa ni o, ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní gbogbo ògiri tó kọjú sí ọ̀nà gbọ́dọ̀ funfun báláú, pé òyìnbó kò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Iṣẹ́ wa ló ń pè ní ìdọ̀tí.

Ìyá lọ bá a ní oríta, ó kúnlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Obìnrin tó lè bí ìyá rẹ̀ ni, síbẹ̀ ó ń fi ẹ̀yin pè é, òun sì ń fi ìwọ dá a lóhùn.

"Akọ̀wé, a ó kun gbogbo èyí tó kù ní funfun fún yín. Ẹ bá wa fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀. Ó ń sọ fún èrò pé kí wọ́n má mu omi yìí."

"Ìwọ ìyá yìí, òrìṣà rẹ lo yà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, èmi yóò kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìwé. Ìwé layé ń kà báyìí."

"Ta ni yóò kà á?"

"Ẹni tí kò bá lè kà á, kó lọ kọ́ ọ."

Wọ́n fi ẹfun bo ẹsẹ̀, wọ́n bo igbá méjèèjì. Wọ́n fọ ipasẹ̀ tó wà lórí òkúta dànù. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀dà dúdú, ó kọ nǹkan gàdàgbà-gàdàgbà sáàárín ògiri funfun náà. Ìyá fẹ́ padà lọ tún un yà lọ́jọ́ kejì, àmọ́ Baálẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá kó àwọn ọmọ wa lọ fi ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Akọ̀wé ní ohun kan náà lòun kọ síbẹ̀." Ìyá gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìbá ṣe èmi ni, n kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí nígbà náà, ta ló bi mí?

Àṣàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní oṣù yẹn. Baba Àṣàbí jẹ́ ọmọ Ìjàyè. Ó ṣì ń rákòrò nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn, ìyá rẹ̀ ló gbé e sá wọ igbó. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Àṣàbí ti ránṣẹ́ sí i, kí akọ̀wé tó dé, pé kó wá wo ọmọ, pé bó bá dé oríta, ògiri yóò sọ ibi tí yóò ti mu omi fún un. Baba náà dé tayọ̀tayọ̀, ó gbé ọmọ lé itan. Àṣàbí bi í pé ṣé ó rí omi mu lọ́nà.

Ó ní, "Mo mu àmuyó. Ògiri tí o wí, funfun ni mo bá a. Mo ní ẹni tó kun ún ní funfun ń sọ fún mi pé omi mọ́."

Ìyá Akùnlé ń jẹun lọ́wọ́. Ó rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Kí la fẹ́ sọ fún un? Sòbìà kò ní oògùn tí a ń lò ṣáájú. Èèyàn yóò kàn máa dúró fún odindi ọdún kan ni. Baba náà ṣì ń bá ọmọ ṣeré, ó ń kọrin fún un, àwa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ìránṣẹ́ dé. Aràn mẹ́ta ló yọ lẹ́sẹ̀ baba náà. Ẹ̀kẹta já, ẹsẹ̀ wú dé itan, ẹnu rẹ̀ pa dé tí kò lè la á mọ́, ó sì kú. Ogun Ìjàyè kò pa á. Ẹfun lára ògiri ló pa á. Òun nìkan sì kọ́. Lọ́dún yẹn ni mo rí oko ní Abà Alfa tí igbó gbà, tí baálé ilé, àlejò tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, dùbúlẹ̀ pẹ̀lú igi lẹ́sẹ̀, tí àwọn aya rẹ̀ ń fi ọmọ sẹ́yìn kọ ebè tí kò lè tó wọn jẹ.

Àṣàbí lọ sìnkú baba rẹ̀. Nígbà tó dé, kò sunkún níwájú wa. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú pákò kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un. Ìyá wò ó títí. Ó dìde, ó lọ gbé osùn. Kò pe ẹnì kan, ṣùgbọ́n gbogbo wa la tẹ̀ lé e. Ọ̀sán gangan ni, lójú gbogbo èrò ọjà. A ya ẹsẹ̀, a ya igbá, a tẹ ipasẹ̀ dé ìdí ìsun. Baálẹ̀ dé, ó wò wá. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó di ìkòkò ẹfun mú fún Ìyá.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pe Ìyá lẹ́jọ́ pé ó ba ògiri ìjọba jẹ́. Ògiri tí àwọn baba wa fi ọwọ́ ara wọn mọ, láti ìgbà wo ló ti di ti ìjọba? Ajẹ́lẹ̀ wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé yìí kan náà ló ń ṣe ògbufọ̀.

Ìyá rojọ́ láìyẹhùn. Ó ní, "Omi yẹn ń ba ẹsẹ̀ èèyàn jẹ́. Èmi ni mo yà á síbẹ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Akọ̀wé pa á rẹ́, èèyàn mu ún, ó kú. Mo tún un yà. Bí ẹ bá tún pa á rẹ́, màá tún un yà."

Akọ̀wé yí i sí èdè òyìnbó. Òyìnbó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe, ó dáhùn, akọ̀wé sì sọ fún wa pé ẹjọ́ ti dá: Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹfun bo àwòrán náà, lọ́dọọdún ni yóò sì máa bò ó kí ajẹ́lẹ̀ tó dé. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò tì í mọ́lé.

Akódà kan wà níbẹ̀ tó ti bá òyìnbó ru ẹrù dé Èkó, etí rẹ̀ gbọ́ èdè wọn díẹ̀. Ó bá wa ní abẹ́ igi nígbà tí a ń lọ. Kò lè wo ojú Ìyá. Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe ohun tí ẹ sọ ló sọ. Ó sọ fún òyìnbó pé òrìṣà omi lẹ yà síbẹ̀, pé ẹ ń fi dẹ́rù ba èrò. Òyìnbó wá bi í pé kí ló wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ní òun ti kọ 'Ẹ káàbọ̀' síbẹ̀ fún wọn."

Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé ìwé, ẹ gbọ́. Akọ̀wé purọ́ fún Baálẹ̀. Ó kọ Ẹ káàbọ̀ sẹ́bàá omi sòbìà nítorí ajẹ́lẹ̀ kan tó fẹ́ gun ẹṣin kọjá, kó lè rí i pé akọ̀wé òun mọ̀wé. Kì í ṣe ìwé ló ń bí mi nínú o. Èmi ni mo kó ẹ̀gúsí tà kí bàbá yín lè lọ sílé ìwé. Ẹni tó gba ẹnu lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló ń bí mi nínú.

Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò lo pákò, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń fi ẹfun pa á, akódà kan dúró tì í. Nígbà tó parí, ó fọ ọwọ́. Ó mú osùn, ó fi kun ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti orúnkún dé àtàǹpàkò. Ó ká òwú funfun mọ́ igi wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ kókósẹ̀. Ó mú igbá òfìfo, ó dojú rẹ̀ dé orí ara rẹ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀gọ̀dọ̀.

Akódà ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ó ní, "Mo jókòó ni. Ṣé wọ́n ṣòfin ìjókòó?"

Akódà họ orí, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ ọjà kan kò kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn tí obìnrin Ilé Akùnlé kò jókòó síbẹ̀. Méjì-méjì là ń lọ. Ọ̀kan ní ọ̀gọ̀dọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ pupa àti igbá tó dé lórí, ọ̀kan lókè ní ìdí ìsun pẹ̀lú igbá tó kún. Oòrùn pa wá, eruku ọyẹ́ bò wá, àwọn mìíràn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, kò rí ohun tí yóò mú wa sí. Èrò rí wa, wọ́n yà, wọ́n gun òkè. Àṣàbí kò gbà kí a yọ òun sílẹ̀ rí, kódà nígbà tó lóyún tó ti wọ oṣù rẹ̀.

Wọ́n gbé akọ̀wé náà kúrò lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn náà. Ó lówó, ó jẹ oyè, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí ní Ìbàdàn. Mo gbọ́ pé níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní òun ló la ojú àwọn ará oko.

Ìyá Akùnlé kú sí ọwọ́ mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Páànù dé, sìmẹ́ǹtì dé, ẹnikẹ́ni kò wá kí a kun nǹkan fún ìlú mọ́. Àwọn ọmọ obìnrin ilé lọ sídìí òwò kòkó, n kò bínú sí wọn, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àṣàbí bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ní ìkẹyìn, ó ku èmi nìkan ní oríta. Mo ti di àgbà nígbà náà, ọ̀gọ̀dọ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ní ọjọ́ ọjà kan. Ó wọ bàtà, ó mú ìwé sábẹ́ apá, olùkọ́ tuntun ni wọ́n rán sí Abà Alfa. Ó rí mi pẹ̀lú osùn lẹ́sẹ̀ àti igbá lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Ẹbọ lẹ gbé ni, àbí wọ́n lé yín nílé?" Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rò pé orí mi ti dàrú ni. Mo la ẹnu kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ó bí mi débi pé ahọ́n mi kò yí. Gbogbo ọdún tí mo ti jókòó síbẹ̀, gbogbo ohun tí ojú Ìyá rí, ọmọ yìí wò ó, wèrè ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó mu, ó tún bu, ó nu ẹnu.

Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Mo gbé igbá mi, mo lọ sílé. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní olùkọ́ Abà Alfa dùbúlẹ̀, pé àwọn ọmọ kò rí ẹni kọ́ wọn. N kò lọ kí i. Ẹ ti ń wò mí láti àárọ̀, ẹ rò pé akọ̀wé nìkan ni mo ń bínú sí. Akọ̀wé ti kú. Ọwọ́ ọmọ yẹn kò jìnnà sí mi. Mo lè gbá omi náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, n kò gbá a.